Àmì Ohùn Ara Àwòrán: Ìfúnpọ̀ Fídíò àti Ẹ̀rí Tí Lámèyítọ́ Ń Pàdánù

Ìfáàrà

Nígbà tí mo ń kó ohun èlò jọ fún iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé mi, mo lọ sí ibi ìkóhunpamọ́ kan láti wo ọdún egúngún kan tí wọ́n gbà sílẹ̀ lórí kásẹ́ẹ̀tì VHS ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn. Wọn kò gbé kásẹ́ẹ̀tì fún mi. Fáìlì kan ni wọ́n dà sórí fláàṣì mi. Mo béèrè kásẹ́ẹ̀tì náà, wọ́n sì fèsì pé wọ́n ti kó o dànù, níwọ̀n ìgbà tí ohun tó wà nínú rẹ̀ ti wọ inú kọ̀ǹpútà. Nínú fáìlì náà, mo gbọ́ ìlù, mo rí èrò, mo sì mọ ìgbà tí egúngún jáde. Ṣùgbọ́n bí egúngún ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fì, tí àwọn abala aṣọ rẹ̀ fẹ́ sókè, ohun tí mo rí kò ju igun mẹ́rin-mẹ́rin aláwọ̀ eérú àti aláwọ̀ ẹ̀jẹ̀ tó ń kọ lu ara wọn lọ. Mo gbé e lọ bá àgbà kan nínú ìdílé tó ni egúngún náà, pé kí ó bá mi dárúkọ àwọn aṣọ ọ̀hún àti àwọn tó fi wọ́n ta egúngún lọ́rẹ. Ó wò ó títí. Kò rí ẹyọ aṣọ kan tí ó lè dárúkọ.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ronú pé ọ̀rọ̀ fífún fídíò pọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí ń sọ ni pé ẹnikẹ́ni tó bá fún fídíò pọ̀ ti ṣe iṣẹ́ olóòtú: ó ti pinnu ohun tó yẹ kí a rí àti ohun tí kò yẹ kí a rí nínú iṣẹ́ náà. Ó wá di dandan kí lámèyítọ́ àti olùtọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé mọ ìpinnu tí ẹ̀rọ ṣe lórúkọ wọn, kí wọ́n sì dá ẹ̀dà tí a fi ń ṣe ìpamọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀dà tí a fi ń wòran.

Bí ẹ̀rọ ṣe ń dín àwòrán kù

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ìdí tí a fi ń fún fídíò pọ̀. Ìlànà PAL ni Nàìjíríà ń lò fún tẹlifíṣàn àti kásẹ́ẹ̀tì. Nínú ìlànà yìí, ìlà 576 ni ojú ń rí lára àwòrán kan, àwòrán 25 ló sì ń kọjá láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí a bá sọ ọ́ di dígítà ní ìwọ̀n pixel 720 sí 576, ní bit 10, tí a kò sì fún un pọ̀ rárá, wákàtí kan péré yóò gbà tó gígábáìtì 93. Ẹ wá fi èyí wé àwo VCD tí ọ̀pọ̀ wa fi wo fíìmù àgbéléwò. Ìlànà VCD jáde ní ọdún 1993. Pixel 352 sí 288 ni àwòrán rẹ̀, wákàtí kan àwòrán náà kò sì ju nǹkan bí mẹ́gábáìtì 520 lọ. Lọ́nà mìíràn, nínú ìwọ̀n ọgọ́sàn-án tó wà nínú ẹ̀dà tí a kò fún pọ̀, ẹyọ kan ṣoṣo ni VCD gbé dé ọ̀dọ̀ wa.

Ọ̀nà méjì ni a lè gbà fún fídíò pọ̀. Àkọ́kọ́ dà bí ìgbà tí a ká agbádá sínú àpótí: àyè tó ń gbà dín kù, ṣùgbọ́n bí a bá tú u, gbogbo rẹ̀ pé. Èkejì dà bí ìgbà tí a gé apá agbádá kí àpótí tó lè dé. Èkejì yìí ni VCD, DVD, H.264 ti ọdún 2003 àti gbogbo fídíò orí íntánẹ́ẹ̀tì ń lò. Ibi mẹ́ta ni ọ̀bẹ máa ń bá jùlọ.

Ibi kìíní ni àwọ̀. Ojú ẹ̀dá máa ń tètè rí ìyàtọ̀ láàrin ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn ju bí ó ti ń rí ìyàtọ̀ láàrin àwọ̀ kan àti èkejì lọ. Nítorí náà ni ẹ̀rọ ṣe ń fún pixel kọ̀ọ̀kan ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀, tí yóò sì ní kí pixel mẹ́rin máa pín àwọ̀ kan ṣoṣo lò. Ibi kejì ni àwọn ọnà wẹ́wẹ́. Ẹ̀rọ yóò pín àwòrán sí igun mẹ́rin kéékèèké, pixel mẹ́jọ ní ìbú àti mẹ́jọ ní òòró nínú àwọn ìlànà àkọ́kọ́. Yóò wá lo ìṣirò tí Nasir Ahmed àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 1974 láti ya ohun gbàǹgbà sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tín-ín-rín, kí ó tó gé ohun tín-ín-rín náà sọ nù. Ibi kẹta ni ìrìn. Dípò kí ẹ̀rọ tọ́jú àwòrán kọ̀ọ̀kan, yóò tọ́jú ọ̀kan, yóò sì máa méfò bí àwọn yòókù ṣe rí nípa sísọ pé igun báyìí ti sún láti ibí yìí dé ibẹ̀ yẹn. Níbi tí ìméfò náà bá ti kùnà, tí àyè kò sì tó láti ṣàtúnṣe, àwòrán yóò fọ́ sí igun-igun.

Kò sí èyí tó burú fún ẹni tó kàn fẹ́ wòran nínú gbogbo rẹ̀. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi ara wa ni: ojú ta ni wọ́n fi díwọ̀n ohun tí «ojú kò ní rí»?

Aṣọ, òru àti ọwọ́ àyàn

Ẹ wo aṣọ òkè. Ẹtù jẹ́ aṣọ aró dúdú tí a fi ìlà tín-ín-rín aláwọ̀ aró fẹ́ẹ́rẹ́ là láàrin. Ìlà tín-ín-rín yẹn ni gbogbo ẹwà rẹ̀, òun náà ló sì yà á sọ́tọ̀ kúrò lára aṣọ dúdú lásán. Ìmọ́lẹ̀ ìlà náà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìdí aṣọ, ìlà náà kò sì ní ìbú. Gbogbo ohun tí ẹ̀rọ ń wá láti gé ló pé sí ara rẹ̀. Àlàárì pupa, ní tirẹ̀, ń jìyà níbi àwọ̀: etí rẹ̀ yóò ṣàn wọ inú ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí pé pixel mẹ́rin ló ń pín pupa kan lò. Bí bàbá ìyàwó bá wọ ẹtù nínú fíìmù kan, tí bàbá ọkọ sì wọ àǹkàrá dúdú, olùdarí ti sọ ọ̀rọ̀ nípa ipò àwọn méjèèjì láìla ẹnu. Nínú ẹ̀dà tí a fún pọ̀ jù, àwọn méjèèjì wọ aṣọ dúdú. Lámèyítọ́ tó bá gbẹ́kẹ̀ lé irú ẹ̀dà yìí lè kọ̀wé pé olùdarí kò náání aṣọ. Ẹ̀bi olùdarí kọ́.

Ẹ tún wo Ṣaworoidẹ (1999), fíìmù Túndé Kèlání tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ìtàn rẹ̀. Idẹ ni okùn tó so ìtàn náà pọ̀: adé idẹ wà ní orí ọba Jogbo, ṣaworo idẹ sì wà lára ìlù. Nígbà tí Lágátà, ológun tó fi ìbọn gba ìtẹ́, dé adé tí kò tọ́ sí i, ìlù náà ló pa á. Ó yẹ kí ojú lè gbé ìmọ́lẹ̀ idẹ láti orí adé lọ sí etí ìlù. Ṣùgbọ́n lórí VCD, pixel 176 sí 144 péré ni àwọ̀ ní fún gbogbo ojú àwòrán. Ṣaworo kékeré kan tó wà lọ́nà jíjìn lè má ní ju àmì àwọ̀ ẹyọ kan lọ, bóyá kí ó má tilẹ̀ ní rárá. Awọ ìlù tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò ya àwọ̀ fún un. Etí ṣì ń gbọ́ idẹ náà, ṣùgbọ́n ojú kò rí i mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kúrò nínú fíìmù bọ́ sí orí eré ìbílẹ̀. Ní ọdún 2001, UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára àwọn àṣà tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú, ó sì so ó mọ́ Benin, Nàìjíríà àti Togo. Apá tí ọ̀rọ̀ ẹnu pọ̀ sí jùlọ nínú rẹ̀, ìyẹn Ẹ̀fẹ̀, òru ni wọ́n ń ṣe é. Òru sì ni ẹ̀rọ ìfúnpọ̀ kì í náání. Níbi tí àwòrán bá ti ṣókùnkùn, ìyàtọ̀ tó wà láàrin dúdú kan àti dúdú kejì kéré nínú ìṣirò rẹ̀, nítorí náà yóò pa wọ́n pọ̀ di ọ̀kan. Ohun tó kù ni òkùnkùn tó ní ìpele bí àtẹ̀gùn, tí ìbòjú Ẹ̀fẹ̀ léfòó lórí rẹ̀, tí àwọn òǹwòran tó ń gbe orin sì ti pòórá. Ẹni tó fẹ́ kọ̀wé lórí bí àwùjọ ṣe ń gba ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀ kò ní rí àwùjọ kankan.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ àyàn tún yàtọ̀. PAL pín àwòrán kọ̀ọ̀kan sí abala méjì: àwọn ìlà kan yóò kọ́kọ́ wọlé, àwọn tó wà láàrin wọn yóò sì tẹ̀ lé e. Abala méjèèjì kò jẹ́ ti ìṣẹ́jú kan náà. Ìdá kan nínú àádọ́ta ìṣẹ́jú-àáyá ló wà láàrin wọn. Èyí túmọ̀ sí pé kásẹ́ẹ̀tì tí a sọ pé ó ní àwòrán 25 ní ìgbà 50 tí a wo ọwọ́ àyàn láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nígbà tí wọ́n bá ń sọ ọ́ di fáìlì, àwọn kan máa ń ju abala kan nù kí àwòrán lè mọ́lẹ̀ kedere lójú kọ̀ǹpútà. Bí a bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ìdajì ìrìn kọ̀ǹgọ́ ti bá a lọ. Onímọ̀ tó ń ṣe ìwádìí lórí bí ọwọ́ òsì ṣe ń fún ìlù dùndún bí kọ̀ǹgọ́ ṣe ń bọ̀ wálẹ̀ yóò rí kọ̀ǹgọ́ lókè, yóò rí i nísàlẹ̀, kò sì ní mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàrin méjì.

Ìwé tí kò ní àmì

Àwa tí a ń kọ èdè Yorùbá mọ àdánù yìí láti ibòmíràn. Bí atẹ̀wé bá tẹ «oko» láìfi àmì sí i, oko lè jẹ́ oko tí a ń dá, ó lè jẹ́ ọkọ ìyàwó, ọkọ́ tí a fi ń kọ ebè, ọkọ̀ tí a ń wọ̀, tàbí ọ̀kọ̀ tí a fi ń jagun. Ohun tí atẹ̀wé máa ń sọ ni pé òǹkàwé yóò fòye gbé e. Òótọ́ ni, òǹkàwé sábà máa ń fòye gbé e nínú ìwé ìròyìn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò gbà kí a tẹ odù Ifá tàbí oríkì láìsí àmì fún ìpamọ́ títí ayé, nítorí pé níbẹ̀, ohùn ni ọ̀rọ̀. Ohun tí ẹ̀rọ ìfúnpọ̀ ń sọ fún wa kò yàtọ̀ sí ti atẹ̀wé: ojú yóò fòye gbé e.

Àfiwé yìí ní ibi tó ti dópin, ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ẹni tó gbọ́ èdè lè dá àmì padà sórí ìwé tí kò ní àmì. Kò sí ẹni tó lè dá ohun tí a ti gé nínú fídíò padà. Lóòótọ́, àwọn ètò kọ̀ǹpútà kan wà báyìí tó ń «tún» àwòrán àtijọ́ «ṣe», tí wọ́n ń mú un dán gbinrin. Ọnà tí ètò bẹ́ẹ̀ bá fi sára aṣọ egúngún, àfinúrò ni. Ó kọ́ ọ láti ara àwọn aṣọ mìíràn tó ti rí. Ẹni tó bá fi irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ṣe ẹ̀rí nínú iṣẹ́ ìwádìí ti fi ohun tí kò ṣẹlẹ̀ kún ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ǹjẹ́ àwòrán tó bàjẹ́ kò ní ìtàn tirẹ̀?

Àtakò kan wà tí mi ò lè fojú fò. Ní ọdún 2009, Hito Steyerl kọ àròkọ kan láti gbèjà àwòrán aláìdára. Ó ní àwòrán tó ti kọjá láti ọwọ́ dé ọwọ́ ló ń dé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn tí sinimá ńláńlá kì í dé. Brian Larkin náà, nínú Signal and Noise (2008), fi fídíò tí wọ́n ń dà kọ ní Kano hàn wá pé ariwo àti hóró-hóró tó wà lójú fọ́nrán jẹ́ ẹ̀rí bí àwọn fíìmù ṣe ń rìn láàrin ìlú. Bí àwọn méjèèjì bá tọ̀nà, kí ló dé tí mo ń sunkún lórí VCD? Ṣé kì í ṣe orí VCD ni àwọn ará ilé wa ti wo Ṣaworoidẹ ni?

Mo gbà pé òótọ́ ni wọ́n sọ, mo sì gbà pé ó yẹ kí a tọ́jú VCD náà gẹ́gẹ́ bí VCD. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí òótọ́ yìí bí. Bí hóró-hóró ojú kásẹ́ẹ̀tì bá jẹ́ ẹ̀rí iye ìgbà tí a ti dà á kọ, òun gan-an ni ohun àkọ́kọ́ tí ẹ̀rọ ìfúnpọ̀ máa ń gé. Hóró-hóró wẹ́wẹ́ ni; ó ń yí padà lójú àwòrán kọ̀ọ̀kan; ìméfò kò ràn án. Ẹ̀rọ yóò pa á rẹ́, yóò sì fi igun mẹ́rin tirẹ̀ dípò rẹ̀. Fáìlì kékeré tí a bá ṣe láti ara kásẹ́ẹ̀tì kò tọ́jú aṣọ egúngún, kò sì tọ́jú ìtàn kásẹ́ẹ̀tì. Ohun tí Larkin kọ́ wa láti kà ti sọnù pẹ̀lú ohun tí àgbà ìdílé ń wá. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ràn àwòrán aláìdára gan-an ló yẹ kó máa bẹ̀bẹ̀ jùlọ fún ìpamọ́ tí kò gé nǹkan kan.

Ohun tó ṣeé ṣe

Owó ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń fi pa wá lẹ́nu mọ́, ọ̀rọ̀ owó kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ká-agbádá-sínú-àpótí wà, ọ̀fẹ́ sì ni. FFV1, tí a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ nínú iṣẹ́ FFmpeg ní ọdún 2003, ń dín fídíò kù sí bí ìdajì tàbí kí ó tún dín díẹ̀ sí i, láìsọ ẹyọ pixel kan nù. Ilé ìpamọ́ ohùn àti fídíò ti orílẹ̀-èdè Austria wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbà á, ó sì di ìlànà tí a tẹ̀ jáde fún gbogbo ayé ní ọdún 2021 gẹ́gẹ́ bí RFC 9043. Ó tún máa ń kọ àmì àyẹ̀wò sínú fáìlì, kí a lè mọ̀ bí nǹkan kan bá ti bàjẹ́ níbẹ̀. Bí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan bá ní kásẹ́ẹ̀tì tó tó ọgọ́rùn-ún wákàtí, gbogbo rẹ̀ kò ní ju nǹkan bí téràbáìtì márùn-ún lọ ní FFV1. Kásẹ́ẹ̀tì LTO-8 kan ṣoṣo, tó wọ àtẹ́lẹwọ́, ń gba téràbáìtì 12. Ẹ̀rọ tó ń kà á ló wọ́n, ẹ̀ka mẹ́ta sí mẹ́rin sì lè dáwó jọ rà á.

Níbi tí agbára kò bá ká èyí, ẹ jẹ́ kí a gé ibi tí ó dùn wá díẹ̀ jùlọ. Kí pixel méjì péré máa pín àwọ̀ kan lò, dípò mẹ́rin. Kí ẹ̀rọ tọ́jú àwòrán kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀ láìméfò. Kí a má ṣe ju abala PAL kankan nù. Kí a tó gba ìlànà kan wọlé, kí a fi àyọlò mẹ́rin dán an wò: ẹtù, Ẹ̀fẹ̀ òru, egúngún tó ń fì, àti ọwọ́ onídùndún. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní òṣùwọ̀n tiwọn, bíi SSIM (2004) àti VMAF tí Netflix gbé jáde ní ọdún 2016, wọ́n sì wúlò. Ṣùgbọ́n ìpíndọ́gba ni àwọn òṣùwọ̀n wọ̀nyí sábà máa ń fún wa; fídíò kan lè gba máàkì tó dára nígbà tí ìlà ẹtù ti lọ pátápátá. Kí ahunṣọ jókòó sí iwájú àwòrán, kí àyàn jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n ojú ẹni tó mọ ohun tó ń wò ni.

Ọ̀rọ̀ kò sì gba ìfòní-dónìí-fọ̀la-dọ́la. Ilé-iṣẹ́ Funai ti Japan, tó kẹ́yìn nínú àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ VHS, dáwọ́ dúró ní ọdún 2016. Ní ọdún 2019, UNESCO àti ẹgbẹ́ IASA kìlọ̀ pé nǹkan bí ọdún 2025 ni ó lè má ṣeé ṣe mọ́ láti ka àwọn kásẹ́ẹ̀tì wọ̀nyí bí ó ti yẹ. Ọdún náà ti dé. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ kásẹ́ẹ̀tì wa má rí ju ìgbà kan ṣoṣo tí a óò kà wọ́n lọ. Bí a bá wá fi ìgbà kan náà ṣe fáìlì tó gé apá agbádá, kò sí ìgbà kejì.

Ìkádìí

Ohun méjì ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ọ̀dọ̀ àwọn olùtọ́jú ni ti àkọ́kọ́: kí wọ́n má ṣe da kásẹ́ẹ̀tì nù nítorí pé fáìlì ti wà, kí wọ́n ṣe ẹ̀dà ìpamọ́ tí kò gé nǹkan kan, kí ó sì jẹ́ láti ara rẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń ṣe ẹ̀dà kékeré fún òǹwòran. Ọ̀dọ̀ àwa lámèyítọ́ ni ti ìkejì, kò sì ná wa ní kọ́bọ̀. Bí a bá ń ṣe àtúpalẹ̀ ìwé, a máa ń sọ ẹ̀dà tí a lò àti ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Bí a bá dé orí fíìmù, a ó kàn dárúkọ fíìmù àti olùdarí, bí ẹni pé gbogbo ẹ̀dà rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sílẹ̀: VCD ni mo wò, tàbí kásẹ́ẹ̀tì, tàbí fáìlì orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ báyìí. Kí a sì máa ṣọ́ra láti sọ pé nǹkan kan «kò sí» nínú àwòrán, nígbà tí ó lè jẹ́ pé ẹ̀dà tiwa ni kò gbé e dé.

Fáìlì ọdún egúngún yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Nínú ìwé oyè mi, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé n kò lè sọ ohunkóhun nípa àwọn aṣọ náà. Gbólóhùn yẹn ló dùn mí jù láti kọ nínú gbogbo iṣẹ́ ọ̀hún, nítorí pé àwọn aṣọ náà wà lójú kásẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ tí wọ́n gbà á sílẹ̀.